Àìsàn Iyèméjì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ máa ń fi ojú rere wo ohun tí àwa ọmọdé bá kọ, ìjà ni mo gbé wá lónìí, n kò sì ní fi aṣọ bò ó. Àìsàn kan ń bẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní obsessive-compulsive disorder, tí gbogbo wa ti gé kúrú sí OCD. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n fẹ́ràn èdè Yorùbá, tí wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ́n ọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "àrùn ìmọ́tótó". Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi í yangàn. Bí wọ́n bá to bàtà wọn lẹ́sẹẹsẹ, tàbí tí wọ́n nu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, wọn a ní, "Ẹ má dá mi lóhùn, OCD ni ó ń yọ mí lẹ́nu." Àwọn baba wa ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Bí orúkọ bá lè ro ọmọ, ó lè ro aláìsàn pẹ̀lú, èyí tí a sọ yìí kò sì ro wọ́n ní rere.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Fádèyí, níbi tí mo ń gbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó ń ṣe ní Ṣómólú, ọmọlúàbí ni, kì í bá ènìyàn jà. Ní òwúrọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò fà á wò, yóò sì kọrí sí ibùdókọ̀. Kò ní tí ì dé ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú tí ọkàn rẹ̀ yóò fi bi í pé, "Ṣé o ti ilẹ̀kùn yẹn?" Ó mọ̀ pé òun tì í. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rántí bí kọ́kọ́rọ́ ti yí. Síbẹ̀ yóò padà sílé, yóò tún fà á wò, yóò tún jáde, yóò sì tún padà. Dánfó yóò kọjá, bọ́ọ̀sì BRT yóò kọjá, oòrùn yóò ràn. Ọ̀gá rẹ̀ fara dà á fún oṣù mélòó kan kí ó tó ní kí ó máa lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní àrùn ìmọ́tótó, ẹ bá mi wo ẹ̀wù tí ó wà lọ́rùn ọkùnrin yìí: ó dọ̀tí. Kò ráyè fọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn ti gba gbogbo ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òtítọ́ ni pé àwọn ẹlòmíràn wà tí ọwọ́ fífọ̀ ni tiwọn, tí wọn yóò fọwọ́ títí awọ yóò fi bó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ fífọ̀ àti ilẹ̀kùn títì, ẹ̀ka igi kan náà ni wọ́n. Gbòǹgbò ni mo fẹ́ kí a wò. Èrò kan yóò já wọ inú ọkàn ènìyàn láìkan ilẹ̀kùn, èrò tí kò pè, tí ó sì kórìíra: bóyá ìdọ̀tí tí ó wà lọ́wọ́ mi yóò pa ọmọ mi, bóyá iná gáàsì ṣì ń jó, bóyá mo ti ṣẹ Ọlọ́run. Ẹ̀rù yóò dé. Láti lé ẹ̀rù náà, yóò ṣe ohun kan: yóò fọ̀, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò ka oókan eéjì, yóò tún àdúrà gbà, yóò bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ara yóò tù ú díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni okùn ìdẹ wà. Owó ṣọ́gundógójì ni ìtura yẹn: o yá ogún, o san ogójì. Bí ó bá fọwọ́ lẹ́ẹ̀kan lónìí kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀, bó pẹ́ bó yá yóò di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nítorí ọpọlọ ti kọ́ pé ewu wà lóòótọ́, àti pé fífọ̀ ni ó gba òun là. Àwọn oníṣègùn kì í tilẹ̀ pè é ní àìsàn àfi bí ó bá ń jẹ tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tàbí tí ó bá ń ba ìgbé ayé ènìyàn jẹ́. Ẹni tí ó kàn fẹ́ kí ilé òun mọ́, inú rẹ̀ a máa dùn bí ó bá gbálẹ̀ tán. Aláìsàn yìí kò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹrú ni, owó èlé ni ó sì ń san.

Nítorí náà ni mo fi ní kí a máa pè é ní àìsàn iyèméjì. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò ó. Àwọn oníṣègùn Faransé ní ọ̀rúndún 19 ti fi orúkọ iyèméjì pè é ní èdè tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá tiwa mu ju bí ó ti bá tiwọn mu lọ, nítorí Yorùbá ti sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ pé iyè ọmọ ènìyàn lè di méjì, kí ọ̀kan mọ̀, kí èkejì sì máa jiyàn. Iyè kan mọ̀ pé a ti ti ilẹ̀kùn; èkejì ní kò dá òun lójú. Èyí náà ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára wèrè. Ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ sábà máa ń gbà pé òótọ́ ni ohùn náà. Ẹni tí àìsàn iyèméjì mú, lọ́pọ̀ ìgbà, mọ̀ pé asán ni èrò òun, ó mọ̀ pé láti inú orí òun ni ó ti wá, ojú sì ń tì í. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè gbé e pamọ́ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ni. Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí ẹni 1 sí 3 ni àìsàn yìí máa ń mú ní ìgbà kan láyé rẹ̀, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe tàbí kí ènìyàn tó pé ọdún 25. Ọjọ́ orí tiwa nìyẹn. Bí 300 akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó sínú gbọ̀ngàn kan ní Àkọkà, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí tí ó burú jù, tí a kì í sọ ní gbangba. Àwọn èrò kan ń bẹ nínú àìsàn yìí tí wọn kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ọṣẹ tàbí kọ́kọ́rọ́. Ìyá ọlọ́mọ tuntun yóò mú ọ̀bẹ láti fi gé ilá, èrò kan yóò sì wá sí i lọ́kàn pé, "Bí mo bá fi gún ọmọ yìí ńkọ́?" Ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ojú. Àyà rẹ̀ yóò já, yóò kó gbogbo ọ̀bẹ ilé pamọ́, kò ní fẹ́ kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mọ́. Ọmọkùnrin tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run yóò kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èébú sí Ọlọ́run yóò sì máa yọ lọ́kàn rẹ̀ bí ẹ̀ẹ́fín. Àwọn oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ yìí yóò sọ fún yín pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ewu fún ọmọ rẹ̀ nítorí èrò yìí. Bí èrò náà ti ń bà á lẹ́rù tó, bẹ́ẹ̀ ni ó lòdì sí ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ tó. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn ni ó ń gbọ́ tí ó ń pàṣẹ fún un, tí òun náà sì gbà á gbọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní wàràwàrà. Oníṣègùn ni ó lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, kì í ṣe ará ilé.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa, ẹ jẹ́ kí ó wí i ná! Ẹ jẹ́ kí ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé èrò kan ń wá sí òun lọ́kàn pé òun yóò pa ọmọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àjẹ́ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Wọn yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò mú un lọ sí orí òkè àdúrà, a ó ní kí ó máa gbààwẹ̀ tipátipá, òmíràn yóò tilẹ̀ ní kí wọ́n fi pàṣán lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ibi 28 wò ní ìpínlẹ̀ 8 àti ní Àbújá, níbi tí a ti ń sọ pé a ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Wọ́n bá ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n bá wọn ní ibi tí àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi dá sílẹ̀, ní ibi tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní ibi tí ó jẹ́ ti ìjọba pàápàá, nítorí náà kí ẹlẹ́sìn kankan má fi ọwọ́ tọ́ ẹnìkejì rẹ̀. N kò sọ pé àìsàn iyèméjì ni ó mú gbogbo wọn. Mo ń sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni èrè òtítọ́, irọ́ ni yóò máa pa, yóò sì máa fi ọ̀bẹ pamọ́.

Èmi kò bá ẹ̀sìn jà o. Bí àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn wa bá ka ìwé wọn dáadáa, wọn ì bá ti mọ àìsàn yìí kí a tó bí baba baba wa. Waswās ni àwọn ààfáà ń fi èdè Lárúbáwá pè é, bí ẹnì kan bá ń tún àlùwàlá ṣe léraléra tí kò sì dá a lójú pé omi kan ẹsẹ̀ òun. Òfin tí àwọn ọ̀mọ̀wé ọ̀nà Maliki, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, fi lélẹ̀ fún ẹni tí iyèméjì ti borí ni pé kí ó má ka iyèméjì náà sí, kí ó kírun rẹ̀ lọ. Kò sí pàṣán níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀la bí òfin yìí ti fara jọ ìwòsàn tí n ó sọ láìpẹ́. Ní ti àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ ti John Bunyan, ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn ka ìwé tí ọkùnrin yìí kan náà kọ nípa ara rẹ̀ ní 1666? Ó sọ níbẹ̀ bí èrò kan ti ń dà á láàmú tọ̀sán tòru pé kí ó ta Kristi, tí ó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òkè àdúrà kan ní àdúgbò wa ni Bunyan gbé èyí lọ, bóyá okùn ni à bá bá lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní àrùn òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ó bá jẹ́ àrùn òyìnbó, báwo ni Lárúbáwá ṣe ní orúkọ fún un? Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó ṣí ilé ìwòsàn Arò ní 1954, ti dá wọn lóhùn kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun àti Leighton pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí àwọn abúlé ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1963 lórí àìsàn ọkàn láàárín àwọn Yorùbá. Irú àmì àìsàn tí wọ́n rí ní ìgbèríko Kánádà ni wọ́n rí láàárín àwọn àgbẹ̀ tiwa. Lambo kò sì tẹ́ńbẹ́lú àwọn baba wa. Ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ ní abúlé tí ó yí Arò ká, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ohun tí kò gbà mọ́ra ni ẹ̀wọ̀n.

Ìwòsàn ńkọ́? Ó wà, èyí ni ó sì ń bí mi nínú jù, pé ó wà tí a kò lọ gbà á. Ní 1966, Victor Meyer, ní ilé ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀n, kọ ìròyìn nípa aláìsàn méjì tí a ti gbìyànjú lórí wọn títí tí ó ti sú àwọn ènìyàn. Ó mú kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù, kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe ètùtù tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ara wọn yá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún ọ̀nà yìí ṣe, kì í sì í ṣe tipátipá mọ́: aláìsàn àti olùtọ́jú yóò jókòó, wọn yóò to àwọn ohun tí ó ń bani lẹ́rù láti orí èyí tí ó kéré dé orí èyí tí ó tóbi, wọn yóò sì máa gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni ilẹ̀kùn yóò tì í lẹ́ẹ̀kan, yóò sì lọ. Ẹ̀rù yóò gùn dé góńgó, yóò dúró níbẹ̀ bí ẹni pé kò ní lọ mọ́, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnì kan padà sílé. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Fádèyí mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ariwo ọkọ̀ títì Ìkòròdú àti igbe àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò ní jẹ́ kí ó fojú ba oorun. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kejì, yóò máa hanrun. Ọkọ̀ kò dín. Etí ni ó ti kọ́ pé ariwo náà kì í pani.

Oògùn náà wà. Clomipramine ni wọ́n kọ́kọ́ rí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1960, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1989 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí. Àwọn irú fluoxetine àti sertraline tẹ̀ lé e. Kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí tí à ń lò láàárọ̀ tí ó ń jẹ́ ní ọ̀sán. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí a tó mọ bí ó ti ṣiṣẹ́ tó, a kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Oníṣègùn ni kí ó fún ni. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo kọ síhìn-ín yà sí kẹ́míìsì lọ rà á. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń gbà là pátápátá, ṣùgbọ́n ó tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn tí ó bá gba ìtọ́jú tòótọ́ tí ẹrù wọn máa ń fúyẹ́ gidigidi. Ẹ fi èyí wé pàṣán.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bi ará Fádèyí ẹlẹgbẹ́ mi léèrè ọ̀rọ̀. Bí o bá ṣubú lórí ọ̀kadà tí ẹsẹ̀ rẹ kán, níbo ni wọn yóò gbé ọ lọ? Igbóbì ni, níbí lójú títì wa, ilé ìwòsàn tí ó ti ibi àgọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Ará ilé yóò gbé ọbẹ̀ wá kí ọ, ọ̀rẹ́ yóò fi kálàmù kọ nǹkan sára sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ. Kò jìnnà síbẹ̀, ní Yábá, ilé ìwòsàn kan wà tí a dá sílẹ̀ ní 1907 fún ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a fi í ṣe: èébú. "Yaba Left ni ó yẹ ẹ́!" Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fi í bú èrò, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í bú akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ ń fi í pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ojúlé kejì sọ fún mi pé ó tó ọdún mẹ́ta tí òun ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí òun lọ. Ó ní dánfó tí ó ń lọ síbẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n má baà rí òun ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni òun kò ṣe wọ̀ ọ́. Àwàdà wa ni ó ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àwọn tí kò kàwé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005, tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Yorùbá. Ju 80 lọ nínú 100 tí wọ́n bi léèrè ni ó sọ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀ lásán. Nǹkan bí 17 péré ni ó lè rò ó láti fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìjọba pàápàá kò yá ju wa lọ. Òfin wèrè tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi lélẹ̀ ní 1916, tí a tún tò sínú ìwé òfin ní 1958, ni a ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin tuntun náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n òfin kì í san owó oògùn, àpò aláìsàn àti ti ìyá rẹ̀ ni ó ṣì ń san púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ náà kò sì pọ̀ tó, àwọn tí a ní sì ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ọmọ yóò bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé n kò fọwọ́ kan nǹkan burúkú?" Ìyá yóò ní, "Rárá, ọkọ mi, o kò fọwọ́ kàn án." Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ìgbà ogún lójúmọ́, ìyá náà ti di ṣọ́gundógójì láìmọ̀. Kí wọ́n má fi igbe dá a dúró, kí wọ́n má sì dá a dúró lójijì. Kí gbogbo ilé bá olùtọ́jú jókòó, kí wọ́n jọ mọ bí ìdáhùn yóò ti máa dín kù. Àwọn bàbá tí ó ń sọ pé, "Ṣe ọkùnrin, gbàgbé ẹ̀," ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Bí gbígbàgbé bá ṣeé ṣe, ta ni ì bá máa padà síbi ilẹ̀kùn nígbà mẹ́fà?

Ó ku àwa tí a ń kọ ìwé. Nínú eré wa, nínú sinimá wa, bí a bá fẹ́ fi ìyà jẹ ẹni burúkú, kí ni a máa ń ṣe? A ó jẹ́ kí ó ya wèrè. Yóò já sí ọjà nínú àkísà, yóò máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn èrò ìwòran yóò pàtẹ́wọ́, ìtàn yóò parí. Mo ti ka irú ìparí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ wa lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ó sì rọrùn fún òǹkọ̀wé ju kí ó wá ìparí gidi lọ. Ohun tí a ń kọ́ àwọn òǹwòran ni pé ẹni tí orí ń yọ lẹ́nu ti jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ níbì kan. Kí ẹnì kan nínú wa kọ eré kan tí ọmọ ènìyàn rere yóò ní àìsàn iyèméjì láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò wọ dánfó ní Fádèyí, tí yóò sọ̀ ní Yábá ní ọ̀sán gangan, tí yóò gba nọ́ńbà, tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tí ó kù títí wọn yóò fi pè é. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é, ẹ fi ìjókòó kan pamọ́ fún mi ní iwájú.